Orúkọ Kì Í Ṣe Àlàfo

Lẹ́tà méjì péré ló dójú tì mí jù lẹ́nu iṣẹ́ kóòdù tí mò ń ṣe.

Wọ́n ní kí n mú áàpù ìtajà kan sọ èdè Túrkì. Ní Yorùbá, kò le: "ọjà Bọ́lá", "ọjà Ayọ̀". Fi orúkọ sẹ́yìn, ó parí. Èmi náà bá lẹ "in" mọ́ ìdí gbogbo orúkọ, mo lọ sùn.

Ilẹ̀ mọ́, ẹjọ́ ti dé. Áàpù mi ń kọ "Murat'in siparişi". "Murat'ın" ló yẹ kó jẹ́. Ẹ wò ó dáadáa: ı yẹn kò ní àmì lórí, fáwẹ́lì ọ̀tọ̀ ni. Oníbàárà kan ní ṣé a ò mọ orúkọ òun pè ni.

Mo sáré bá ọmọ Túrkì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́. Ó ní lédè àwọn, olóhun gbọ́dọ̀ ní àmì, ohun tó ní náà gbọ́dọ̀ ní tiẹ̀. Sipariş ni ọjà téèyàn ní kí wọ́n kó wá. Tó bá ti di ti Murat, ó di siparişi. Àmì olóhun sì máa ń tẹ̀lé fáwẹ́lì tó gbẹ̀yìn nínú orúkọ: Murat'ın, Mehmet'in, Oğuz'un, Gül'ün. Bí orúkọ bá parí sí fáwẹ́lì, n á wọ àárín wọn: Ayşe'nin.

Mo kọ gbogbo ẹ̀ sínú kóòdù, inú mi ń dùn. Ló bá ní kí n dán Kemal wò. Kóòdù gbé "Kemal'ın" jáde. Ó mi orí: "Kemal'in" ni, torí l tó parí orúkọ yẹn fẹ́lẹ́ lẹ́nu. Ojú ò lè rí i, etí ló ń gbọ́ ọ. Orúkọ Mustafa Kemal Atatürk, tó dá orílẹ̀-èdè olómìnira wọn sílẹ̀ ní 1923, ni mo mà ń bà jẹ́ yẹn!

Ó dùn mí, torí ó pẹ́ tí mo ti ń bínú sí àwọn fọ́ọ̀mù tó ń yọ àmì ohùn kúrò lórí orúkọ tèmi. Ohun tí mò ń bínú sí gan-an ni mo ṣe fọ́mọ ọlọ́mọ.

Ní báyìí, mo ti to àwọn orúkọ tó yapa jọ sínú kóòdù. Tí kò bá sì dá mi lójú, mo máa ń yí gbólóhùn padà: "Merhaba Kemal, siparişiniz yolda." Ẹ ǹlẹ́ o, Kemal, ọjà yín ti wà lọ́nà. Ara ọjà ni àmì "tiyín" wà, orúkọ sì dá dúró bí ìyá ẹ̀ ṣe sọ ọ́.