Lẹ́tà sí Bàbá Mi Nítorí Ajá Tó Ti Darúgbó

Peckham,
Lọ́ńdọ̀nù.
Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú iṣẹ́ oko. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ará ilé wà ní Ìlarè? Ara tèmi le, ọpẹ́ ni fún Olódùmarè. Ooru ibí ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, òtútù ti ń yọ́ wọlé láàárọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń lọ déédéé.

Màámi sọ fún mi lórí fóònù pé Tàńmọ̀la, ajá wa, kò lè bá yín dé oko Ifẹ̀tẹ̀dó mọ́, pé ńṣe ló ń wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nílẹ̀, àti pé ẹnì kan ti wá ń dúnàádúrà rẹ̀ nítorí ọdún Ògún tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà. Ohun tí mò ń rí níbí lójoojúmọ́ kàn án gbọ̀ngbọ̀n, ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé sí yín.

Ìyá àgbàlagbà tí mò ń tọ́jú ní ajá kan, ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú abẹ̀yìn gígùn. Òun náà ti darúgbó, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì lágbára mọ́. Bí a bá ń lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ Peckham Rye lọ́sàn-án, kẹ̀kẹ́ ni mo máa ń tì lọ fún un. Lókèèrè, kẹ̀kẹ́ ọmọ jòjòló ni ẹ ó pè é: táyà mẹ́rin, ọwọ́ irin lẹ́yìn, ìbòrí tó ṣeé ká. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn ni ẹ ó rí i pé nẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ṣe iwájú rẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé, àti pé okùn kúkúrú kan wà nínú rẹ̀ tí a fi ń kọ́ ọ̀já àyà ajá náà kó má baà fò bọ́ sílẹ̀. Bíréèkì rẹ̀ wà nítòsí táyà. Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí n tó gbé ajá wọlé.

Kì í ṣe inú kẹ̀kẹ́ ló máa ń wà látilé dé ọgbà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi ń rìn lákọ̀ọ́kọ́. Bó bá ti ń rẹ̀ ẹ́, yóò dúró, yóò wo ojú ìyá náà. Màá ki ọwọ́ kan bọ abẹ́ àyà rẹ̀, màá fi èkejì gbé ìdí rẹ̀, kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè wà ní títẹ́ bí mo ṣe ń gbé e. Nínú kẹ̀kẹ́, imú rẹ̀ kì í kúrò lára nẹ́ẹ̀tì. Bí a bá dé abẹ́ àwọn igi ńlá inú ọgbà, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé òun fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. A ó sọ̀ ọ́, yóò gbóòórùn ìdí igi kan dé òmíràn, yóò tọ̀, yóò sì nà sínú koríko. Dókítà ẹran kìlọ̀ fún wa pé kẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ gba ipò ìrìn, torí pé iṣan tí a kò bá lò yóò rọ. Ó ní kó máa rìn díẹ̀ lójoojúmọ́ níwọ̀n tí agbára rẹ̀ mọ, kí kẹ̀kẹ́ máa bá a parí ìyókù.

Kì í ṣe arúgbó ajá nìkan ló ń gùn ún. Wọ́n ń fi gbé ọmọ ajá tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tán, kó má baà kó àrùn nílẹ̀. Wọ́n ń fi gbé èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, àti àwọn onímú pẹlẹbẹ tí kì í lè mí dáadáa nínú ooru. Ní oṣù Keje ọdún 2022, ooru ilẹ̀ yìí ju ìwọ̀n 40 lọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, títì lè bó àtẹ́lẹsẹ̀ ajá.

Àwọn kan níbí ń sọ pé ńṣe ni èèyàn fi ajá pààrọ̀ ọmọ. Ìbẹ̀rù wọn yé mi. Ní Kòríà Gúúsù, ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ Gmarket kéde pé ní ọdún 2023, kẹ̀kẹ́ ẹran ọ̀sìn tí àwọn tà ju ti ọmọ jòjòló lọ. Ọdún yẹn kan náà, àròpọ̀ ọmọ tí obìnrin kan ń bí níbẹ̀ kò tó ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ìyá tí mò ń tọ́jú bímọ, ó sì ní ọmọ-ọmọ. Ajá yìí kò gba ipò ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo rí ni arúgbó kan tó kọ̀ láti fi arúgbó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ sínú ilé.

Bàbá mi, a kò bí àánú yìí mọ́ àwọn òyìnbó. Nígbà tí William Kent ṣe kẹ̀kẹ́ ọmọ fún ilé ìjòyè Devonshire ní ọdún 1733, ẹran ni wọ́n ní kó máa fà á. Ìgbà kan wà tí àwọn ọlọ́jà Lọ́ńdọ̀nù ń so ajá mọ́ ọmọlańkẹ́ kó máa fa ẹrù kiri ìgboro, títí òfin fi dá wọn lẹ́kun ní ọdún 1839. Ọdún 1854 ni òfin náà tó kárí ìlú yòókù. Òfin ọdún 2006 ló wá sọ ọ́ di dandan fún ẹni tó ń sin ẹran láti fún un ní oúnjẹ, ibùgbé àti ìtọ́jú tó yẹ. Ńṣe ni wọ́n kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀.

Àwa náà kò ṣàìmọ̀ ọ́n. Ta ni kò gbọ́ ìtàn Òkémọkéréwú àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn ajá tó gba ọdẹ sílẹ̀ nígbà tí ikú ká a mọ́ orí igi? Ojú mi ni ẹ ṣe ń gé ìpín Tàńmọ̀la sọ́tọ̀ lára ọ̀yà kí ẹran tó wọ ìkòkò. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ajá tó bá ni ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi ebi sùn. Mi ò bá Ògún jà, mo sì mọ ohun tí à ń ṣe ní ojúbọ rẹ̀ ní Òkè Mògún. Ẹni tó fẹ́ bọ Ògún mọ ọjà tí yóò ti ra ajá. Ṣùgbọ́n ajá tó fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ sìn wá, gbèsè ọjọ́ ogbó rẹ̀ ń bẹ lọ́rùn wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á.

Kò nílò kẹ̀kẹ́ òyìnbó. Ẹ jẹ́ kí àbúrò mi máa mú un rìn díẹ̀ nírọ̀lẹ́ nígbà tí ilẹ̀ bá ti tutù. Bó bá rẹ̀ ẹ́, kí ó gbé e sínú báro tí a fi ń kó ẹrù, kí ó tẹ́ àpò sí i fún un. Ẹ tẹ́ àpò sórí sìmẹ́ńtì tó ń sùn sí pẹ̀lú. Ẹ má fún un ní oògùn ara ríro tí ẹ̀yin fúnra yín ń lò, ó lè pa á. Ẹ pe dókítà ẹran wá wò ó, kí ó sì gún òun àti gbogbo ajá àdúgbò ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí 59,000 èèyàn ni àrùn yìí ń pa lọ́dọọdún, ajá ló sì ń kó o ran èyí tó pọ̀ jù. Láti ọdún 1922 ni ilẹ̀ Bìrìtìkó ti lé e kúrò lára ajá wọn. Ìdí nìyí tí ọmọdé fi ń na ọwọ́ sínú kẹ̀kẹ́ ajá wa ní ọgbà, tí ìyá rẹ̀ kò sì já a gbà.

Mo ti fi owó dókítà àti owó abẹ́rẹ́ ránṣẹ́ sí àkáǹtì Màámi. Bí ẹ bá ti gba owó lọ́wọ́ ẹni tó wá dúnàádúrà, ẹ yọ ọ́ níbẹ̀ kí ẹ dá a padà fún un, kí ẹ sì jẹ́ kí àbúrò mi pè mí bí dókítà bá ti dé.

Ẹ bá mi kí Màámi àti gbogbo ẹbí. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa.

Èmi ni ọmọ yín obìnrin ní Lọ́ńdọ̀nù.