Àárẹ̀ Ọjà Kì Í Ṣe Ìrìn

Ìlera loògùn ọrọ̀, gbogbo ọlọ́jà ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí nọ́ọ̀sì bá ní kí ìyá oníṣòwò kan ní Sùúrùlérè máa ṣe eré ìdárayá nítorí ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀rín ló máa ń pa á. "Èmi tí mo jí ní aago márùn-ún, tí mo ń ru ẹrù kiri! Eré wo ló tún kù?" Lóòótọ́ ló rẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ẹ bá a ṣírò rẹ̀: lẹ́yìn tó pàtẹ tán, wákàtí mélòó ló fi jókòó lórí àpótí? Télọ̀ tó tẹ̀ mọ́ máṣíìnì ní Lawanson láti àárọ̀ dalẹ́ ńkọ́? Àárẹ̀ lọ̀tọ̀, ìrìn lọ̀tọ̀.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́. Ẹ̀bà, ìrẹsì àti búrẹ́dì tí a bá jẹ, ṣúgà ni wọ́n ń dà nínú ẹ̀jẹ̀. Ínsúlíìnì ló ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà náà kó lè wọnú ẹran ara. Lára ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ínsúlíìnì kò tó, tàbí kí ẹran ara máa kọtí ikún sí i. Ṣúgà á wá kún inú ẹ̀jẹ̀, á máa ba ojú, kíndìnrín àti ẹsẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n bí iṣan ẹsẹ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́, ilẹ̀kùn mìíràn ń ṣí tí kò dúró de ínsúlíìnì. Àǹfààní rẹ̀ lè tó ọjọ́ kan gbáko kó tó tán.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Lọ́dún 1926, dókítà R. D. Lawrence nílùú Lọ́ńdọ̀nù, tí òun náà ní àìsàn yìí, kọ ọ́ jáde pé eré ìdárayá ń fi kún agbára abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì. Oore ni, ewu sì wà nínú rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ní kí màmá máa sáré bí àwọn tó wá díje ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè lọ́dún 1973, nígbà tí gbogbo Áfíríkà pé jọ síbẹ̀. Ìrìn tó yá, ìṣẹ́jú 30 lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ti tó. Ẹni tí àyè kò gbà lè pín in sí ìṣẹ́jú 10, 10, lẹ́yìn oúnjẹ, torí ìgbà náà ni ṣúgà ń gòkè. Ẹ bọ́ sílẹ̀ nínú dáńfó ní bọ́sítọ́ọ̀pù kan ṣáájú Ojúẹlẹ́gbà, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀. Nígbà tí ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà ní Sùúrùlérè ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà, 2022, ọ̀pọ̀ èèyàn ló kùn, àmọ́ ẹni tó torí ẹ̀ fẹsẹ̀ rìn ti jèrè. Oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń jókòó, kó máa dìde ní ìṣẹ́jú 30, 30, kó na ẹsẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra o! Ẹni tó ń lo Daonil tàbí tó ń gba ínsúlíìnì kò gbọdọ̀ fi inú òfo rin ìrìn gígùn. Bí òógùn tútù bá ń bò ó, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, tí àyà ń já, ará ilé a ní ọwọ́ ayé ni. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ṣúgà ti lọ sísàlẹ̀ 70. Kó jẹ ṣúgà oníhóró mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kó sinmi ìṣẹ́jú 15, kó tún un wọ̀n, kó wá jẹun. Bó bá ti dákú, ẹ má rọ nǹkan kan sí i lẹ́nu. Ẹ sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bí ṣúgà bá sì kọjá 250, tí èèyàn ń bì, ọjọ́ ìrìn kọ́ nìyẹn, ọjọ́ dókítà ni.

Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò lálaalẹ́. Ẹ má fi ìrìn rọ́pò oògùn. Dókítà ló lè dín in kù. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹsẹ̀ tó ń rìn lónìí lè bọ́ lọ́wọ́ ọ̀bẹ dókítà lọ́la.