Ilé Ìtajà Nakano: Níbi Tí Àlòkù Ti Wọ́n Ju Tuntun Lọ

Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi rìn dé Tókíyò, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Jàpáànù, ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, mo sì rí ilé ìtajà kan tí ọjà àlòkù ti wọ́n ju tuntun lọ, tí àwọn àgbàlagbà tó wọ kóòtù, tí wọ́n so táì mọ́ ọrùn, ń tò síwájú àpótí onígíláàsì nítorí ọmọláńgidi. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ bẹ́ẹ̀ fún mi kí n tó kúrò nílé, ǹ bá ní irọ́ ló ń pa.

Fàájì kọ́ ló gbé mi lọ, iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin gbọ́ pé mò ń lọ sí Jàpáànù, ó pè mí lórí fóònù. Àbúrò mi yìí ti lé ní ogójì ọdún, ó ní ìyàwó, ó bí ọmọ mẹ́ta, ẹ̀rọ amúnáwá ló sì ń tún ṣe fún àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá. Mo rò pé irinṣẹ́ kan ló fẹ́ kí n bá òun rà bọ̀. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá rí kìnnìún aláwọ̀ búlúù yẹn, ẹ bá mi rà á." N kò bi í pé kìnnìún wo. Mo mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọdé ní ìparí àwọn ọdún 1980, tí ẹ ní tẹlifíṣọ̀n nílé tàbí tí ẹ máa ń lọ yọjú lójú fèrèsé ará ilé kejì, ẹ kò ní í gbàgbé Voltron. Kìnnìún onírin márùn-ún ni: dúdú, pupa, búlúù, yẹ́lò àti aláwọ̀ ewé, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní ẹni tó ń wà á. Bí ogun bá le, àwọn márààrún a so pọ̀ di òmìrán kan tó ń fi idà jà. Búlúù ló ń di ẹsẹ̀ kan. Bàbá wa ra ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn fún wa ní Èkó, búlúù náà ni. Wọ́n ní kí a ní sùúrù, mẹ́rin tó kù ń bọ̀ lọ́nà. Àbúrò mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó ń gbé e wẹ̀, ó ń gbé e sùn. Nígbà tó yá, a kó kúrò nínú ilé yẹn, kìnnìún náà sì bá ìdọ̀tí lọ.

Ohun tó gbé mi dé Nakano nìyẹn. Bí èèyàn bá wọ ọkọ̀ ojú irin Chuo ní ibùdókọ̀ Shinjuku, kò ju bí ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tí yóò fi débẹ̀. A bọ́ sí apá àríwá, òpópónà kan tí wọ́n fi òrùlé bò látòkèdélẹ̀ sì wà níwájú wa. Sun Mall ni wọ́n ń pè é, ó gùn ju igba mítà lọ. Wọ́n ń ta bàtà níbẹ̀, wọ́n ń ta oògùn, wọ́n ń ta tíì. Ibi tí òpópónà yìí parí sí gan-an ni ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà tí mò ń wí, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Nakano Broadway.

Ọdún 1966 ni wọ́n ṣí ilé náà. Alájà mẹ́wàá ni. Abẹ́ ilẹ̀ àti àjà mẹ́rin àkọ́kọ́ jẹ́ ti àwọn oníṣọ́ọ̀bù, àwọn àjà mẹ́fà tó kù lókè sì jẹ́ ilé gbígbé. Ọgbà òdòdó wà lórí òrùlé, ibi ìlúwẹ̀ẹ́ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ayé ìgbà náà, ilé àwọn olówó ni. Aoshima Yukio, tó jẹ́ gómìnà Tókíyò láti ọdún 1995 sí 1999, gbé ibẹ̀ rí. Àtẹ̀gùn oníná kan wà níbẹ̀ tó yà mí lẹ́nu: bí èèyàn bá gùn ún ní ìsàlẹ̀, kì í dúró ní àjà kejì rárá, àjà kẹta ló ń já ènìyàn sí. Ẹni tó bá fẹ́ dé àjà kejì yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn.

Àjà kejì yìí ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1980, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Furukawa Masuzo gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan síbẹ̀. Ayàwòrán ni, ó ti ya ìtàn aláwòrán fún ìwé àtìgbàdégbà kan tó ń jẹ́ Garo. Ìwé ìtàn aláwòrán àlòkù, tí àwọn ará Jàpáànù ń pè ní mángà, ló kó síbẹ̀ tó ń tà. Ó pe ṣọ́ọ̀bù náà ní Mandarake. Lónìí, Mandarake kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù kan mọ́. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó tàn ká inú ilé náà, èyí ń ta ìwé, èyí ń ta káàdì, èyí ń ta ohun ìṣeré onírin, èyí ń ta àwòrán tí wọ́n fi ọwọ́ yà fún kàtúùnù orí tẹlifíṣọ̀n. Ó ti di iléeṣẹ́ ńlá tí wọ́n ń ta ìpín ìdókòwò rẹ̀ ní ọjà Tókíyò.

Báwo ni ìwé ọmọdé ṣe di ọrọ̀? Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ebi ń pa Jàpáànù, bébà sì wọ́n. Ìwé mángà tí wọ́n ń tẹ̀ nígbà náà, bébà pẹ́lẹ́pẹ̀lẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, àwọn ọmọdé a sì fi owó táṣẹ́rẹ́ yá a kà. Ní ọdún 1947, Tezuka Osamu, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, ya ìwé kan tí wọ́n pè ní Shin Takarajima. Àwọn ọmọ kà á títí ó fi ya. Àwọn ìyá wọn fi dáná, wọ́n fi di ẹrù, wọ́n dà á nù. Nítorí pé gbogbo ayé dà á nù, ìwọ̀nba díẹ̀ tó kù ni àwọn ènìyàn ń wá bí ẹni ń wá wúrà. Mo dúró níwájú irú àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ nínú àpótí onígíláàsì, tí wọ́n ti wé ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rá, ọkàn mi sì lọ sílé. Mo rántí ìwé Atọ́ka tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1967, tí wọ́n fi fọ́tò sọ ìtàn eré àwọn òṣèré wa. Bàbá wa ní ẹrù kan rẹ̀. Mo rántí àkàrà gbígbóná tí wọ́n fi ewé rẹ̀ wé fún mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé.

Àwọn tó tọ́jú nǹkan wọ̀nyí ní Jàpáànù kò gba oríyìn nígbà náà. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń fi wọ́n ṣe. Ní ọdún 1983, òǹkọ̀wé kan, Nakamori Akio, fún wọn ní orúkọ nínú ìwé àtìgbàdégbà kan: otaku. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà gan-an ni "ilé yín", ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni, bí ìgbà tí àwa bá fi "ẹ̀yin" pe àgbà. Ohun tó pa á lẹ́rìn-ín ni pé àwọn ọmọ wọ̀nyí a máa fi ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ pe ẹgbẹ́ wọn, nígbà tí wọ́n bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ kàtúùnù. Wọ́n di ẹni tí kò mọ ayé í gbé. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ń ná lójoojúmọ́ yìí ti fi hàn pé wọn kò ya wèrè.

Mo rìn káàkiri. Ní àjà kẹta, aago ọwọ́ àlòkù ni ó kún àwọn ṣọ́ọ̀bù kan, owó orí wọn kò ṣe é wò lẹ́ẹ̀mejì. Ní ẹ̀gbẹ́ ògiri ni àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí a ń ju owó sí, tí a ó yí ọwọ́ wọn, tí wọn yóò sì pọ ike róbótó kan tí ohun ìṣeré wà nínú rẹ̀. Láti ọdún 1965 ni irú rẹ̀ ti wà ní Jàpáànù, orí ẹni ló sì ń yan ohun tí yóò bọ́ síni lọ́wọ́. Ní abẹ́ ilẹ̀, ọjà gidi ni wọ́n ń ná: ẹ̀fọ́, ẹja, àti áísìkiriìmù tí wọ́n tò ní oríṣi mẹ́jọ lérí ara wọn. Ìyá àgbà kan tó fa kẹ̀kẹ́ ọjà rẹ̀ gba àárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń wo káàdì kọjá lọ, kò tilẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́.

Ní àjà kẹrin ni mo ti rí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n to ẹnu ọ̀nà pupa sí iwájú rẹ̀, irú èyí tó máa ń wà níwájú ojúbọ wọn. Ohun ìṣeré ayé àtijọ́ ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Mo rí àwọn ẹranko abàmì oníke láti inú Ultraman, eré tó bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọdún 1966, ọdún kan náà tí wọ́n ṣí ilé ìtajà yìí. Ohun tó wú mi lórí jù ni ìwé pélébé tó wà lára ọjà kọ̀ọ̀kan. Mo fi fóònù mi túmọ̀ rẹ̀. Àléébù ọjà ni wọ́n kọ síbẹ̀: ìka kan ti kán, ọ̀dà ti bó lẹ́yìn, kò ní páálí. Àwa tí a ti ra mọ́tò tòkunbọ̀ rí mọ ohun tí mò ń sọ. Òfin wọn pẹ̀lú kò gba gbẹ̀rẹ́: láti ọdún 1949 ni ẹni tó bá fẹ́ máa ta àlòkù ti ní láti gba ìwé àṣẹ, kó sì mọ ẹni tó tà á fún òun.

Kò sí kìnnìún níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù mìíràn ni mo ti rí i, lọ́dọ̀ ọkùnrin onídígí kan tó fi ìbọ̀wọ́ funfun di ọjà mú bí ẹni gbé ẹyin. Mo sọ pé Voltron. Ó mi orí, ó ní, "GoLion." Orúkọ tí ilé bàbá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn. Iléeṣẹ́ Toei ló ṣe eré náà ní ọdún 1981, àwọn ará Amẹ́ríkà sì rà á, wọ́n tún un gé, wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sí i lẹ́nu, wọ́n sì gbé e jáde ní ọdún 1984 pẹ̀lú orúkọ tí àwa mọ̀. Gbogbo márààrún wà nínú páálí wọn, iye tó kọ sí i sì ju gbogbo owó tí mo kó wá lọ. Mo ní búlúù nìkan ni mò ń wá. Ó wò mí, ó sọ̀rọ̀ sínú fóònù, fóònù sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi: "Ti ẹni tó kú."

Mo ní rárá, kò kú. Ó fara pa ni, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tẹ orí ba, ó sì ṣàlàyé. Nínú eré ti Jàpáànù, ẹni tó kọ́kọ́ ń wa kìnnìún búlúù kú sójú ogun. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló ní àwọn ọmọdé kò gbọdọ̀ gbọ́ bẹ́ẹ̀, ni wọ́n bá yí i padà pé wọ́n gbé e lọ fún ìtọ́jú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò lè dá a lóhùn. Ní ọdún 1989, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí àbúrò mi jẹ́ ọmọ ọdún méje, wọ́n gbé Bàbá wa lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n sọ fún wa pé wọ́n ti gbé wọn dé òkè òkun, wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n ń bọ̀. Oṣù mẹ́rin ni a fi ń retí ẹni tí wọ́n ti sin. Àwọn àgbà kò ṣe é láti fi ìyà jẹ wá, bí a ṣe ń sọ ọ́ fún ọmọdé nílẹ̀ wa nìyẹn. Ní gbogbo oṣù mẹ́rin náà, àbúrò mi ń bi mí bóyá ilé ìwòsàn kan náà ni Bàbá àti ẹni tó ń wa kìnnìún búlúù wà.

Mo rí ọ̀kan rà, ó dá dúró nínú agbọ̀n kan, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta yen. Ọkùnrin náà fi ìwé àléébù rẹ̀ há a lára: etí ọ̀tún ti kán, ọ̀dà ti bó ní ẹsẹ̀, kò ní páálí.

Bí mo ti ń padà sí ibùdókọ̀, mo wo ilé gíga funfun kan tó dúró ní kọ̀rọ̀. Nakano Sun Plaza ni, gbọ̀ngàn orin tí wọ́n ṣí ní ọdún 1973, tí wọ́n sì tì pa ní ọjọ́ kejì oṣù keje ọdún 2023. Nakano Broadway pàápàá ti pé ọdún méjìdínlọ́gọ́ta nígbà tí mo débẹ̀. Ilé ń gbó, ọjà ń yí padà, kò sí ibi tí yóò wà títí láé. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í tètè bàjẹ́.

Nígbà tí mo gbé kìnnìún náà fún àbúrò mi, mo sọ ohun tí oníṣọ́ọ̀bù sọ. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ó pẹ́ tí mo ti mọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi." Ó ní kí n ka ohun tó wà nínú ìwé pélébé náà fún òun. Mo kà á. Kò já a kúrò lára rẹ̀ títí di òní.

Ní ilé tiyín náà, páálí kan ń bẹ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí lókè àjà. Kí ẹ tó gbé e fún alákàrà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u wò.