Ìbò tí a fi ń ti ilẹ̀kùn

Ní Ijede tí mo ń gbé, ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi èèyàn bí ìbò bá ti ń sún mọ́lé ni pé, "Ta lo máa dìbò fún?" Ẹnu ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Dagenham, lápá ìlà oòrùn London, ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìkejì rẹ̀: "Ta lo máa fi ìbò rẹ dí lọ́nà?"

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ibẹ̀ lọ́nà ẹ̀tọ́ láàyè láti dìbò, torí pé orílẹ̀-èdè wa wà nínú Commonwealth. Lọ́dún 2006, ẹgbẹ́ òṣèlú BNP, ẹgbẹ́ ẹlẹ́yàmẹ̀yà tó jẹ́ pé aláwọ̀ funfun nìkan ló ń gbà wọlé nígbà náà, gba àga kánsẹ́lọ̀ 12 ní Barking àti Dagenham. Àyà ọ̀pọ̀ ará ilé já.

Kò sí ẹgbẹ́ kankan níbẹ̀ tó wu ẹ̀gbọ́n mi dénú. Ṣùgbọ́n ó ní, "Àbúrò, bí iná bá ń jó ilé, èèyàn kì í ṣa omi tó máa fi pa á." Ní May 6, 2010, ó tò sórí ìlà, ó dìbò fún ẹgbẹ́ tó lágbára jù láti lé BNP lọ. Nígbà tí wọ́n kà á tán, àga 12 yẹn lọ pátápátá. Labour ló gba gbogbo àga 51.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní September 1993, ìbò 7 péré ni Derek Beackon ti BNP fi wọlé ní Millwall. Nígbà tó fi máa di May 1994, ìbò tirẹ̀ lé sí i, síbẹ̀ ó fìdí rẹmi, torí pé àwọn tó jókòó sílé tẹ́lẹ̀ ló jáde. Ẹ ò rí i pé ìkórìíra ò dín kù, àwọn tó ń wòran ló dín kù.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sílé o. Èdè wa ò pààlà sí i: ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni ẹni tó kórìíra àwọ̀, ẹlẹ́yàmẹ̀yà náà ni ẹni tó kórìíra ẹ̀yà. Ní February 25, 2023, Peter Obi ló borí nínú ìbò ààrẹ ní ìpínlẹ̀ Èkó. Kó tó di March 18 tí a dìbò gómìnà, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀ àti àjèjì ló gba ẹnu gbogbo èèyàn. Wọ́n halẹ̀ mọ́ àwọn kan, wọ́n lé àwọn mìíràn kúrò níbùdó ìdìbò. Aládùúgbò mi kan, ọmọ Ìgbò tó ti lé ní ogún ọdún ládùúgbò wa, kó káàdì ìdìbò rẹ̀ sínú àpótí, ó sì tilẹ̀kùn mọ́rí.

Àwọn kan sọ fún mi pé ìdènà náà làwọn ń ṣe, pé àwọn ò fẹ́ kí wọ́n gba Èkó mọ́ àwọn lọ́wọ́. Mo gbọ́. Kò sí èèwọ̀ nínú kí èèyàn fi ìbò rẹ̀ dí ẹgbẹ́ kan lọ́nà. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò lé òyìnbó tó fẹ́ dìbò fún BNP kúrò lórí ìlà. Àwọn méjèèjì jọ dìbò ni, oníkálùkù sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ìbò ló fi jà, kì í ṣe igi.

Bí a bá sì fẹ́ kí ará wa máa rí ìbò dì ní Dagenham, ojú wo la fẹ́ fi wo ẹni tí kò lè rí i dì ní Ijede?

Mo ti sọ fún aládùúgbò mi pé ní 2027, a jọ máa lọ ni. Ó rẹ́rìn-ín, kò tíì dá mi lóhùn.