Ẹ Yí Ẹ̀yìn Aṣọ Náà Wò

Àwa mẹ́ta ni ìyá wa bí, ẹ̀yìnkùlé kan náà la sì ti ń rẹ aṣọ l'Abẹ́òkúta. Ọjà Ìtòkú la ti ń tà á. Ẹni tó bá mọ Ìtòkú mọ̀ pé ìsọ̀ kún ìsọ̀ ni níbẹ̀, aṣọ ò ní jẹ́ kéèyàn rí ògiri. Oníbàárà tó bá wọ ọjà, iwájú ni yóò ti ra tirẹ̀. Ẹ̀yìn pátápátá ni tiwa wà.

Ìyẹn ò tiẹ̀ pa wá lára tó aṣọ ẹ̀rọ. Ṣé ẹ mọ èyí tí wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ tẹ àwòrán àdìrẹ sí, tí wọ́n ń kó wá láti Ṣáínà? Owó rẹ̀ ò tó ìdajì tiwa. "Ẹ̀yin ẹ ti wọ́n jù," ni wọ́n ń wí fún wa lójoojúmọ́. Kí la fẹ́ sọ? Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, láfún la máa kọ́kọ́ sè, a ó fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ọ́ sára aṣọ, a ó sá a kó gbẹ. Ìgbà náà la ó tó rì í sínú aró. Bó bá ṣe ń jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ló ní. Atẹ́gùn ló máa sọ ọ́ di búlúù. A ó tún rì í, a ó tún yọ ọ́, títí yóò fi dú bá a ṣe fẹ́. Ta ló fẹ́ gbọ́ gbogbo èyí lójú ọ̀nà ọjà?

A ní ká polówó. Àbíkẹ́yìn wa lọ béèrè nílé iṣẹ́ rédíò kan. Iye tí wọ́n pè é fún ìpolówó ìṣẹ́jú kan láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo ohun tá a tà lóṣù yẹn ò tó o. Ó padà wálé, kò jẹun. Ọ̀rọ̀ Olajumoke Orisaguna ló wá ń sọ lẹ́nu, oníbúrẹ́dì tó gbé igbá kọjá l'Ékòó lọ́dún 2016, tó sì bọ́ sínú fọ́tò tí TY Bello ń ya Tinie Tempah. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n. Àbúrò wa ní bóyá ká máa gbé aṣọ rìn kiri títí oníkámẹ́rà yóò fi rí wa. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dùn.

Oníròyìn kan wá lóòótọ́, a ò san nǹkan kan. Ó ya fọ́tò ìkòkò, ó ya fọ́tò ọwọ́ Màmá wa tó ti dú. Ó wá ní kí Màmá sọ bí bàbá wa ṣe kú àti bí ebi ṣe pa wá, nítorí opó tó ń jìyà ni àwọn èèyàn máa ń kà. Màmá fọwọ́ nu aṣọ ara wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, aṣọ ni mò ń tà. Mi ò ta ẹkún." Ọkùnrin náà ò padà wá mọ́. Inú bí àwa ọmọ sí Màmá lọ́jọ́ yẹn, a ò lè purọ́. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn ló tì í dànù.

Ẹ̀gbọ́n wa ló wá ronú kan ohun tó yẹ ká ti mọ̀. Abẹ́òkúta níbí náà ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn lọ́dún 1859, láti ìgbà yẹn títí dòní, ohun kan náà ni oníròyìn ń wá: ohun tí ẹlòmíràn yóò fẹ́ gbọ́. "Ẹ bá wa polówó" kì í ṣe ìròyìn. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ láràárọ̀ nílò ọ̀rọ̀ ju bá a ṣe nílò rẹ̀ lọ. A wá dúró di ìgbà tí ọdún Lísàbí kù díẹ̀, tí gbogbo Ẹ̀gbá ń ra aṣọ. A di aṣọ méjì pọ̀, ojúlówó kan, ti ẹ̀rọ kan, a fi ránṣẹ́ sí ọ̀kan nínú àwọn atọ́kùn ètò òwúrọ̀, pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo: èwo ni àdìrẹ nínú méjèèjì? Kò mọ̀ ọ́n. Ó pè wá lọ́jọ́ kejì.

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni Màmá lò. Wọ́n sọ̀rọ̀ Ìbàdàndùn, bí òpó gbọ̀ngàn Mápó ṣe wọnú aṣọ. Wọ́n ní kí àwọn olùgbọ́ dìde lọ gbé àdìrẹ tó wà nílé wọn, kí wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò: aró máa ń mu aṣọ dé ẹ̀yìn, ti ẹ̀rọ sábà máa ń ràn ní ẹ̀yìn. Àwa tá a jókòó síta ń jẹ èékánná. Màmá ò dárúkọ ìsọ̀ wa rárá! Àfìgbà tí obìnrin kan pè wọlé: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ wà l'Ítòkú?" Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní kí wọ́n dá a lóhùn, olùgbọ́ ló béèrè.

Ọjọ́ kẹta, èrò ń wá wa dé ẹ̀yìn ọjà. Ẹnìkan fẹ́ ọgọ́rùn-ún aṣọ fún ẹbí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Ọwọ́ wa ò lè ká a. Kí n má tàn yín, ọ̀kan nínú wa lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta aṣọ ẹ̀rọ. Kò rà á, ṣùgbọ́n ó béèrè. Níkẹyìn a pín iṣẹ́ náà fún àwọn aláró mìíràn ládùúgbò, èrè rẹ̀ ò sì pọ̀.

Ohun tá ò rò ni ti ìyá tó wà níwájú ọjà. Aṣọ ẹ̀rọ ni wọ́n ń tà. Àwọn náà ló máa ń gbé àwọn ọmọ wa pọ̀n nígbà tọ́wọ́ wa bá dí. Lẹ́yìn ètò yẹn, gbogbo ẹni tó bá dúró síwájú wọn ló ń yí ẹ̀yìn aṣọ wò, tí wọ́n sì ń lọ. Màmá lọ kí wọn. Wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ rédíò o," wọ́n sì kọjú sí ibòmíràn.

Rédíò tún ti ní kí Màmá wá lọ́dún yìí. Wọn ò tíì dáhùn. Àwa ọmọ ń wò wọ́n lẹ́nu. Lánàá, wọ́n gba iwájú ọjà kọjá lọ sílé, wọ́n mú ọsàn mẹ́rin dání. Ìyá náà gbà á, wọ́n dúpẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò ní kí Màmá jókòó.