Ọ̀pọ̀ Ọwọ́, Ìwé Kan

Àwọn àgbà ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ bí ọwọ́ méjì bá nà sí ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìlú Àkúrẹ́ ní ìpín nínú ìtàn yìí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti bí Philip Emeagwali ní 1954, ọmọ Ìgbò tí ogun abẹ́lé dá ẹ̀kọ́ rẹ̀ dúró, tó sì lọ sí Amẹ́ríkà ní 1974. Ní 1989 ó gba ẹ̀bùn Gordon Bell, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń fi iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ṣe wé owó tó náni. Iṣẹ́ náà dá lórí bí epo rọ̀bì ṣe ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀, ẹ̀rọ ìṣirò kéékèèké 65,536 ló sì jùmọ̀ ṣe é nínú Connection Machine. Àwọn kan ti sọ ọ́ di pé òun ló dá íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀, irú ìyìn bẹ́ẹ̀ sì ń bo ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ mọ́lẹ̀: epo igun kan kò lè ṣàn láìkan igun kejì, nítorí náà ẹni tó bá pín iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣètò bí àwọn tó pín in fún yóò ṣe máa gbọ́ ara wọn.

Nínú ẹ̀rọ yẹn, àṣẹ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́ pọ̀, bí ọmọ ilé-ìwé tí ń yan sí ìlù kan. Nínú ètò tí a kọ ní èdè Java, ìrìn oníkálukú lè yàtọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi akọ̀wé méjì ṣe àpẹẹrẹ, tí wọ́n ń wọn kòkó ní ìlú Oǹdó, tí wọ́n sì ń lo ìwé kan. Àpò 40 ló wà nínú ìwé. Àwọn méjèèjì wò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan fi 5 kún un, ó kọ 45. Èkejì fi 3 kún 40 tó rí, ó kọ 43 lé e lórí. Kò sẹ́ni tó jalè, kò sẹ́ni tó ṣi ìṣirò, síbẹ̀ àpò 5 àgbẹ̀ kan ti sọnù.

Ọ̀rọ̀ tí Java fi ń dènà èyí ni synchronized: ẹni tó kọ́kọ́ dé ìdí ìwé yóò tì í, èkejì yóò dúró títí yóò fi ṣí i. Àṣẹ join sì ń mú kí ọ̀gá dúró de gbogbo akọ̀wé kó tó kéde àròpọ̀.

Ìdúró pàápàá ní ewu tirẹ̀. Bí ọ̀kan bá di ìwé mú tó ń retí òṣùwọ̀n, tí èkejì di òṣùwọ̀n mú tó ń retí ìwé, ilẹ̀ yóò ṣú bá wọn níbẹ̀. Àdéhùn ni oògùn rẹ̀: kí gbogbo wọn máa kọ́kọ́ mú ìwé. Bí a bá sì ti gbogbo nǹkan pa, akọ̀wé méjì kò yàtọ̀ sí ẹyọ kan mọ́.

Àwọn tó ń ṣe àáró mọ èyí tipẹ́. Oko ẹnì kan ni wọ́n jọ máa ń ṣe kí wọ́n tó kọjá sí ti ẹlòmíràn. Bí olùkọ́ kan ní Àkúrẹ́ bá fẹ́ sọ ìtàn Emeagwali fún ọmọdé, kó fi 65,536 sílẹ̀ ná, kó kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ibi tí àpò 5 yẹn wọlé sí.