Aṣọ Àránsílẹ̀ Lórí Kọ̀ǹpútà

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Fìdítì ń fi Vim, irinṣẹ́ ìkọ̀wé tí Bram Moolenaar gbé jáde ní 1991, ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Vim lásán le fún un, ó bá gba spf13-vim, ìlànà àtòsílẹ̀ tí ń sọ bí Vim yóò ti máa hùwà. Aṣọ àránsílẹ̀ ni, kì í bá gbogbo ara mu. Inú fáìlì ìlànà náà gan-an ni ó ti ń tún un ṣe, títí kan ọ̀nà àbùjá tí ó fi ń tẹ ẹ́ àti ọ́.

Nígbà tí ó fẹ́ sọ ọ́ dọ̀tun, git, tí ń gbé ẹ̀dà tuntun wá, kọ̀ láti tẹ àtúnṣe wọ̀nyí rẹ́. Inú bí i. Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ fúnra rẹ̀! Iṣẹ́ oṣù mẹ́ta bá a lọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Ìlọrá ni ó fi .vimrc.local hàn án, fáìlì tí a yà sọ́tọ̀ fún àtúnṣe oníkálukú. Ibẹ̀ ni ẹ́ àti ọ́ rẹ̀ wà báyìí.